Àpò Ara Ikùn Mi Lójú Ọ̀nà Kúmásí

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ̀yin ará Kétu ti ń bi mí pé, "Gánà ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé ó dáa, mo sì máa ń kọjá lọ. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀ kò pọ̀, ìlú kan ṣoṣo ni mo sì rí dáadáa, nítorí náà ohun tí ojú mi rí nìkan ni n ó sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí gbogbo Gánà ṣe rí, kí ó bi ẹlòmíràn.

Kí a tó gbéra, ohun kan wà tí ẹni tí kò mọ̀ mí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì, ibà táífọ́ọ̀dù lu ìfun mi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n tún un ṣe, àwọn dókítà sì ní kí a má ṣe dán ìkẹta wò. Láti ìgbà náà ni ẹnu ìfun mi ti wà níta, ní apá ọ̀tún ikùn mi. Ó pupa bí inú ètè, kì í sì í dùn mí. Ohun tí mo bá jẹ ń gba ibẹ̀ jáde sínú àpò kan tó lẹ̀ mọ́ mi lára. Bí àpò náà bá ń kún, mo máa ń tú ìdí rẹ̀, mo dà á nù, mo ṣàn án, mo tún un dè. Bó bá lo ọjọ́ díẹ̀, mo bọ́ ọ, mo sì lẹ tuntun. Lábẹ́ bùbá, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Màámi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Òun ló bá mi dá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí a kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àpò gidi, tó jẹ́ pé ọ̀rá àti púlásítà ló fi ń ṣe é fún mi. Nígbà tí ilé-ìwé kan ní Kúmásí gbà mí pé kí n wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú irè oko kó má bàjẹ́, màámi kọ́kọ́ pariwo ayọ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo ikùn mi.

"Rọfíátù, ta ni yóò máa bá ọ pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀?"

"Èmi náà ni, màámi."

"Ìwọ tí o kò tíì dá a ṣe rí níta ilé yìí?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, mo rí i pé òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní ọsibítù, n kò tíì sun ilé ẹlòmíràn. A wá jọ ṣe àdéhùn: kí n kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá lè tọ́jú ara mi, n ó lọ kàwé. Bí n kò bá lè ṣe é, n ó sọ fún ilé-ìwé náà pé n kò wá mọ́, ọ̀rọ̀ sì tán.

"Má wá parọ́ fún mi o," ni màámi wí. "Mo bí ẹ, mo mọ ojú ẹ."

*

Lójú ọ̀nà

Àṣìṣe kan wà tí àwa tí a ń gbé àpò yìí sábà máa ń ṣe, ó sì máa ń dà bí ọgbọ́n lójú ẹni tó ń ṣe é. A máa ń rò pé bí a kò bá jẹun, kò ní sí ohun tí yóò jáde. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò ni mo ti pa ẹnu mọ́, omi tí mo mu kò sì ju èyí tí mo fi rin ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Ìfun kì í sinmi nítorí pé olówó rẹ̀ ń gbààwẹ̀. Bí kò bá rí oúnjẹ, afẹ́fẹ́ ni yóò máa tì síta. Kí a tó jìnnà sí Lagos, àpò mi ti wú bíi bàlúùnù ọmọdé, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ aṣọ mi. Mo gbé ìwé ìròyìn lé e.

Obìnrin tó jókòó tì mí jẹ́ oníṣòwò aṣọ tó ń ti Kotonú lọ sí Lomé. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó ra àbólò tí wọ́n fi ewé wé àti ẹja díndín, ó sì pín in sí méjì láìbi mí.

"Ó ṣé, mà. Mo ti yó."

Ó wo ojú mi fínnífínní. "Ẹnu ẹ ń sọ pé o ti yó, ojú ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé e lé mi lórí itan, ó sì yíjú sí fèrèsé kí n má baà rí ẹni tí n ó dá a padà fún. Mo gbé e dání títí ó fi sọ̀kalẹ̀. N kò jẹ ẹ́. Títí di òní, ó ń dùn mí pé n kò jẹ ẹ́, nítorí pé òórùn ẹja náà dára púpọ̀.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè tí a kọjá, wọ́n ní kí àwa obìnrin wọ yàrá kékeré kan kí wọ́n lè yẹ̀ wá wò. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tó sanra, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ dé ikùn mi, ó sì dúró.

"Kí lo fi pamọ́ síbí?"

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan yìí lédè tirẹ̀, n kò sì fẹ́ kó rò pé mo fi nǹkan tí ìjọba kò fẹ́ pamọ́. Mo gbé bùbá mi sókè. Ó wo àpò náà, ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa bùbá náà bò ó padà, ó sì tún etí rẹ̀ ṣe kó lè tẹ́ dáadáa, bí ìyá ṣe ń tún aṣọ ọmọ ṣe lọ́jọ́ ìdánwò. "Máa lọ," ló wí. Kò béèrè nǹkan mìíràn.

*

Omi àlejò

Orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́ Kúmásí sí. Ẹni tó ti gbé Kétu títí tó bá dé ibẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ohun kejì tó ṣe mí ní kàyéfì ni ọ̀rọ̀ "jọ̀ọ́". Mo bi ọkùnrin kan bóyá ọ̀nà Zongo, àdúgbò tí mo ń lọ, nìyí, ó ní, "Jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni." Mo bi ẹlòmíràn, ó ní, "Jọ̀ọ́, rárá." Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí àlejò nìyẹn. Mo tún na owó sí awakọ̀ táksì pẹ̀lú ọwọ́ òsì, torí ọwọ́ ọ̀tún mi ń di ikùn mú, awakọ̀ náà kò sì gbà á. Ó kàn ń wò mí, ó ń dúró. Yorùbá náà kì í fẹ́ ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n ní ibùdókọ̀ Kétu, ta ló ráyè wo ọwọ́?

Ilé tí mo dé sí jẹ́ ti Hájíà Rábì, ìyá àgbà kan tí wọ́n bí sí Kúmásí, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá láti Ṣakí. Àbúrò rẹ̀ ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ màámi ní Mile 12, ibẹ̀ la ti mọra. Ilé náà jẹ́ agbo ilé alágbàlá, àwọn ayálégbé yí i ká. Ọmọ-ọmọ Hájíà, Ràmátù, tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ló mú mi wọlé.

Wọ́n fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ràmátù bu omi tútù wá, mo mu díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo gbé ife sílẹ̀ ni Hájíà tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

"Akwaaba, káàbọ̀. Níbí, àlàáfíà la wà. Ìwọ lo rìn. Kí lo bá wá?"

Ràmátù yọ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí pé àṣà ìlú ni: àlejò tó bá ti mu omi gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdí tó fi wá àti ohun tó gbé wá, kí gbogbo ilé lè gbọ́. Kí ó tó rò ó tán, kò tíì dé.

Mo ní mo wá wo ilé-ìwé, màámi sì kí wọn.

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo ní mo ti yó. Ràmátù kọ ọwọ́ sí ìbàdí. "Sister Lagos, mi ò fi májèlé sí i o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún yín?" Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Hájíà nìkan ni kò rín. Ó wo abọ́ náà, ó wò mí, ó sì ní kí wọ́n gbé e kúrò. Mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n n kò mọ bí n ó ṣe tún un ṣe láìsọ ohun tí n kò fẹ́ sọ.

*

Ìgbà kejì tí mo dé

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbé korobá omi lọ sí balùwẹ̀ nígbà tí àgbàlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹni tí ìfun rẹ̀ gé kúrú bíi tèmi máa ń pàdánù omi àti iyọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Mo ti kà á, mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ n kò mu omi tó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ràmátù gbé mi dìde. Hájíà jáde láti yàrá rẹ̀, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ràmátù, bu omi wá."

Mo rò pé kí n kàn mu ún ni. Ṣùgbọ́n ó pe àwọn ayálégbé tó wà nílé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì àná gan-an. Mo mu omi náà. Wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i.

"Akwaaba," ló wí, bí ẹni tí kò rí mi rí. "Ẹni tó wá lánàá, kò tíì dé. Níbí, àlàáfíà la wà. Ìwọ lo rìn. Kí lo bá wá?"

N kì í sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ní ilé-ìwé, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo máa ń wà. Mo wo ojú ìyá yìí, mo rí i pé kò bínú, kò sì ní dìde. Mo bá ròyìn. Mo sọ ti ibà, mo sọ ti iṣẹ́ abẹ, mo sọ ti àpò, mo sọ ìdí tí n kò fi jẹun, mo sì sọ àdéhùn tí èmi àti màámi ṣe, pé bí n kò bá lè tọ́jú ara mi níbí, ìwé kíkà náà ti parí.

Hájíà sún àga rẹ̀ mọ́ mi.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?" ni Hájíà bi mí.

"Rárá, mà."

"Ó ń rùn?"

"Bó bá lẹ̀ dáadáa, kì í rùn. Bí mo bá tú u, ó ń rùn bíi ti gbogbo èèyàn."

"Ìrun ńkọ́?"

"Mo máa ń ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, mà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ó mi orí. Ó rò ó díẹ̀. "Tóò, láàárọ̀, o kì í lọ lóṣòó nílé ìgbọ̀nsẹ̀ bíi tiwa?"

"Ìgbà tó bá kún ni mo máa ń lọ dà á nù, mà. Kì í pẹ́."

Ràmátù pàtẹ́wọ́. "Yéè! Kò ní bá wa tò!"

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé náà kò tó àwọn èèyàn ibẹ̀, àti pé láàárọ̀, wọ́n máa ń tò lórí ìlà pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, tí wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n á máa bú ẹni tó wà nínú. Bárbà kan tó ń gbé yàrá iwájú tẹ̀ síwájú. "Hájíà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè bá èmi náà wá ọ̀kan?"

Ìyá àgbà yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rín, àpò mi ń mì lábẹ́ aṣọ. N kò rò pé mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti dé," ni Hájíà wí fún àwọn ayálégbé. "Ẹ fún un lóúnjẹ."

*

Oúnjẹ àti ìjókòó ilé

Òmọ́tùó ni wọ́n gbé wá, ìrẹsì tí wọ́n sè rọ̀, tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù róbótó bí iyán kékeré, nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà tó pọ́n. Ìrẹsì àti ẹ̀pà máa ń jẹ́ kí ohun tó ń jáde nínú mi ki, àpò náà kì í sì í tètè kún. N kò lè sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ní irú tèmi. Ìfun tèmi nìkan ni mo lè jẹ́rìí fún, òun sì fẹ́ràn Gánà. Àwo kan náà ni èmi àti Ràmátù ti jẹ, ó sì ń fi ìka ti ẹran sí ọ̀dọ̀ mi bíi pé n kò ní rí i.

Hájíà kan ìṣó kan mọ́ ògiri balùwẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni kí n máa fi àpò ohun èlò mi kọ́, sísọ́ọ̀sì, páúdà àti gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bí mo bá jáde níbẹ̀, bárbà á ní, "Ó ti tán? Ayé dára fún àwọn kan páà!"

Ṣùgbọ́n àlejò ni mí síbẹ̀. Bí mo bá ya ẹnu ní ọjà, wọ́n á ti mọ̀. "Nàìjíríà!" ni ẹni tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, ní ìkóríta máa ń pè mí. Ó ní àwa Nàìjíríà, ariwo wa pọ̀ jù. Mo dákẹ́. Ó tún wò mí. "Ìwọ, irú Nàìjíríà wo lèyí? Ó dà bíi pé wọ́n gbàgbé láti fi ariwo sí tìẹ." Mo fẹ́ sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa wa kò kan gbogbo wa, àmọ́ bárbà ti rí wa, ó ń ké sí i láti òdìkejì títì pé, "Fi í sílẹ̀! Tiwa ni!" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

*

Ilé-ìwé

Ọjọ́ tí mo lọ rí olùkọ́ tí yóò máa darí iṣẹ́ mi ni oòrùn mú jù. Mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gun òmíràn. Bí mo ti ń jókòó sí iwájú ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù àpò náà. Etí rẹ̀ ti ṣí, ara mi sì ti tutù ní ìbàdí.

Ohun tí màámi bẹ̀rù gan-an nìyí, ní ibi tí màámi kò sí, tí Ràmátù náà kò sí.

Mo lọ bá akọ̀wé. "Jọ̀ọ́, ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà?" Ó fi ọwọ́ ọ̀tún júwe rẹ̀.

Kò sí ìṣó níbẹ̀. Mo fi eyín di bùbá mi mú. Mo bọ́ àpò náà, mo fi omi inú ìgò fọ ara mi, mo nù ún gbẹ, mo fọ́n páúdà sí ibi tó ti pupa. Bí mo ṣe fẹ́ lẹ tuntun ni ẹnu ìfun mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́. Nílé, ìgbà yìí ni màámi máa ń sọ pé, "Dúró ná, ìyá oníjọ̀ngbọ̀n." Mo fi tíṣù bò ó, mo dúró. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Jọ̀ọ́, ènìyàn wà níbẹ̀." Nígbà tí ẹnu ìfun náà sinmi, mo nù ún, mo lẹ àpò náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kó lè gbóná, kó lẹ̀. Mo ká ṣòkòtò tó tutù sínú ọ̀rá, mo wọ èyí tí mo gbé dání, mo sì jáde.

Olùkọ́ náà ti ń dúró. Mo tọrọ àforíjì, mo ní ara mi ló ní kí n yà díẹ̀. Ó ní kò burú, ó sì bi mí ohun tí mo mọ̀ nípa àlùbọ́sà tó ń jẹrà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà àríwá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé n kò lè tètè dákẹ́ lórí ìyẹn.

*

Mile 12

Ìsọ̀ ni mo bá màámi nígbà tí mo padà dé, ó jókòó láàárín àwọn àpò àlùbọ́sà. Ó dìde, ó gbá mi mú, ó wo ojú mi, ó wo ìbàdí mi.

"O jẹun?"

"Mo jẹun gan-an, màámi."

"Àpò náà já?"

Mo lè ní rárá. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì pé, mo ti rí ohun tó máa ń dá sílẹ̀.

"Ó já lẹ́ẹ̀kan. Ní ilé-ìwé, níwájú ọ́fíìsì."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà. "Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"O wá ṣe báwo?"

Mo ròyìn rẹ̀ fún un, láti orí eyín tí mo fi di bùbá mú títí dé ìgbà tí àpò náà lẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó jókòó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò nínú àlùbọ́sà, èmi náà jókòó, mo ń bá a ṣa. N kò mọ ohun tó ń rò, n kò sì bi í, torí mo ti sọ tèmi.

Oníbàárà rẹ̀ kan dé, obìnrin kan láti Alápẹ̀rẹ̀ tó máa ń fi ọwọ́ tẹ gbogbo nǹkan kó tó rà.

"Ìyá Rọfí, ta lẹ mú jókòó tì yín yìí? Àbúrò yín ni?"

"Ọmọ mi ni," ni màámi wí, kò gbé ojú sókè. "Èyí tó ń lọ kàwé ní Gánà."

"Gánà! Òun nìkan?"

"Òun nìkan. Ó ti lọ wo ibẹ̀ bọ̀. Ẹ yé tẹ àlùbọ́sà mi jàre, ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ wọ́ ọ lára kó lè sùn?"